Navarro pé ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí

Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún, 2024

Kí n tó fọnu láàárọ̀ yìí, àbúrò mi obìnrin ti fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nọ́ọ̀sì ni nílùú Ọba, ní ilé ìwòsàn kan tí àwọn ará Philippines ti pọ̀ bí àwa náà ṣe pọ̀ níbẹ̀. Ìyá kan wà nínú wọn tí òun àti àbúrò mi jọ máa ń ṣe iṣẹ́ òru. Ìyá yìí ló ti ń fi ọmọ ìlú rẹ̀ yangàn láti ìdájí. Àbúrò mi wá fi ohùn kún un: "Bọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọmọ Antique ni o. Kí ẹ má pè é bí Òyìnbó ṣe ń pè é. An-tí-ke ni."

Mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó lè mọ́ mi lẹ́nu.

Jeremias Elizalde Navarro lorúkọ ọkùnrin náà, ayàwòrán àti agbẹ́gilére ará Philippines. Jerry ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1924 ni wọ́n bí i ní San Jose de Buenavista, olú ìlú Antique. Ilẹ̀ tóóró kan ni Antique, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Panay. Òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú, èdè Kinaray-a ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ká ní ó wà láyé ni, ọgọ́rùn-ún ọdún ló pé lónìí. Láti bí oṣù kan tí àbúrò mi ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún mi ni mo ti ń ka ohun gbogbo tí mo bá rí nípa rẹ̀. Mo fẹ́ kọ èyí tó wà lọ́kàn mi sílẹ̀, nítorí ó ti ń gba oorun lójú mi.

Ohun tó kọ́kọ́ dì mí mú ni bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó fi ọ̀dà olóròóró kun àwòrán, ó fi ọ̀dà olómi kun. Ó ya àwòrán lásán lórí bébà, ó tún ń ṣe àwòrán títẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ọnà fún ìwé àti ìpolówó. Ó gbẹ́ igi. Ó kó ẹ̀yà irin àti ohun tí èèyàn ti sọ nù jọ, ó so wọ́n pọ̀, wọ́n di ère. Ogójì ọdún ló fi wà lẹ́nu gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí èyí fi wọ̀ mí lára kò jìnnà. Ṣómólú ni mo ti ń jẹun. Kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà òkú, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò àgbo, èmi ni mò ń ya gbogbo rẹ̀ kó tó dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nírọ̀lẹ́, igi ni mò ń gbẹ́. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kun àwòrán. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó máa ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà wo ohun tí mo kó wá, ó ní kí n lọ mú ọ̀kan, pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mo dúpẹ́, mo di ẹrù mi, mo padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Oṣù bíi mélòó kan kọjá tí mi ò fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Bí mo ṣe ń ka ti Navarro, tí mò ń wo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé eku kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ń lé. Ohun tó fẹ́ sọ ló ń yan ohun tó máa fi sọ ọ́ fún un.

Yunifásítì Santo Tomas ní Manila ló ti gboyè iṣẹ́ ọnà lọ́dún 1951. Ilé ẹ̀kọ́ àtayébáyé ni, ọdún 1611 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Japan sọ ọgbà rẹ̀ di àgọ́ ìhámọ́. Àjèjì tó ju 3,000 lọ, tó jẹ́ pé ará Amẹ́ríkà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n há mọ́bẹ̀ láti 1942 títí di oṣù Kejì 1945. Inú oṣù yẹn kan náà ni ìjà dé àárín ìgboro Manila. Nǹkan bí 100,000 ará ìlú ló kú kó tó parí. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ìgbà yẹn àti ìgbà tí Navarro gba ìwé ẹ̀rí. Mo máa ń ro bí ìlú náà ṣe máa rí lójú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbà á kọjá lọ sí kíláàsì àwòrán, ìlú tí ògiri dúró tí òrùlé ti lọ.

Victorio Edades ló wà nídìí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Santo Tomas nígbà náà. Edades yìí ló ti Seattle dé lọ́dún 1928, tó kó àwòrán 30 síta ní Manila, tí kò rí ẹyọ kan tà. Àwòrán Fernando Amorsolo ni ojú ìlú ti mọ́: oòrùn tó ń ràn sórí oko ìrẹsì, ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín. Edades ní tirẹ̀ ya òṣìṣẹ́ tí eruku bò, tí àwọ̀ wọn dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Inú ilé tó gba irú ojú bẹ́ẹ̀ láyè ni Navarro ti jáde.

Ìbòjú tó fi igi líle gbẹ́ ni mo pẹ́ sí jù. Ènìyàn àti ẹranko ló pàdé nínú ojú kan ṣoṣo. Èmi mọ ohun tí igi líle ń ṣe fún ọwọ́. Bí mo bá ń gbẹ́ igi apá, ọrùn ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú mi tó rí i: ibi tí iṣan igi bá ti yí, ọ̀bẹ á fò, á fẹ́ sá lọ. Tí mo bá fi agídí tì í, igi á là. Àfi kí n yí i padà, kí n gba òdìkejì wá, kí n máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, ibi tí mo ti fojú sí fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ni kókó á ti yọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá rí gọngọ bí imú ewúrẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí n sáré. Ọnà lílé, ìyẹn gígé igi sí ìrísí ohun tí a fẹ́ gbẹ́, ni àkọ́kọ́, àlétúnlé, ìyẹn yíyọ ẹ̀yà ara rẹ̀ síta, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ká tó máa sọ ti dídán àti fínfín. Mo gbà pé nídìí àlétúnlé, nígbà tí ojú kò tíì di ojú, ni ẹranko ti ń rí ọ̀nà wọnú ènìyàn. Ẹni tó fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ṣiṣẹ́ kò lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé, igi ló ń gbé e wá bá èèyàn.

Nígbà tó jẹ́ àwọ̀ ló fẹ́, ó mọ ibi tó ń lọ. Ó ya ọ̀wọ́ àwòrán àwọn ènìyàn tí ọnà àti ìṣe àwọn ará Bali ní Indonesia mú wá sí i lọ́kàn. Ó sì ya The Four Seasons (Ìgbà Mẹ́rin Inú Ọdún) lọ́dún 1992, àwòrán ńlá tí Prudential Bank kó mọ́ tirẹ̀. Ọdún wọn ní Philippines kò yàtọ̀ sí tiwa púpọ̀, òjò ni àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì tutù.

Àkọlé iṣẹ́ kan wà tó mú mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún 1965 ló ṣe é. I'm Sorry Jesus, I Can't Attend Christmas This Year ló sọ ọ́. Ẹ má bínú, Jésù, mi ò ní lè wá síbi Kérésì ọdún yìí.

Ẹni tí kò bá mọ Kérésì àwọn ará Philippines kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Láti oṣù Kẹsàn-án ni orin rẹ̀ ti máa ń dún láàárín ìlú. Wọ́n á gbé àtùpà onírawọ̀ tí wọ́n ń pè ní parol kọ́ sójú fèrèsé, ọparun àti bébà ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́. Bó bá di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, òwúrọ̀ mẹ́sàn-án léraléra ni wọ́n fi ń jí lọ sí Máàsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa ta bibingka gbígbóná, ìyẹn àkàrà ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ti dìde, tó lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ olóde fúnra rẹ̀ pé òun ò ní lè dé.

Àbúrò mi ka àkọlé náà fún ìyá yẹn. Ó ní ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́. Kérésì mẹ́sàn-án rèé tí kò ṣe nílé. Ojú fóònù ló ti ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun òru ọjọ́ náà, tí òun sì wọ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ti àbúrò mi náà ti di mẹ́rin.

Iṣẹ́ kejì tí kò kúrò lọ́kàn mi ni Homage to Dodjie Laurel, ti ọdún 1969, tó wà ní Ateneo Art Gallery. Arsenio Laurel ni wọ́n ń pè ní Dodjie. Ọmọ José P. Laurel tó ṣe ààrẹ nígbà ogun ni, ṣùgbọ́n mọ́tò ìdíje ló gbà á lọ́kàn. Ó gba ife ẹ̀yẹ Macau Grand Prix lọ́dún 1962, ó tún gbà á lọ́dún 1963. Òun ló kọ́kọ́ gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kọkànlá 1967, ní Macau yẹn kan náà, mọ́tò rẹ̀ kọlu ògiri etí òkun, ó sì gbiná. Kò sí awakọ̀ tó kú nínú ìdíje náà rí ṣáájú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Navarro ṣe ohun ìrántí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún kọjá, ó ṣe A Flying Contraption for Mr. Icarus, tí Lopez Museum kó sọ́dọ̀. Icarus ni ọmọ inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí bàbá rẹ̀ fi ìyẹ́ àti ìda ṣe apá fún, tó fò sún mọ́ oòrùn jù, tí ìda yọ́, tó já sínú òkun. Ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó lẹ́yìn tó ti já bọ́, Navarro pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, ó tún ohun ìfò ṣe fún un. Mo ka àkọlé yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò lè dé, ẹni tó sáré kú, ẹni tó fò já: ọkùnrin yìí ń bá àwọn tí àyè wọn ṣófo sọ̀rọ̀, kò sì fi ohun èlò kan náà bá gbogbo wọn sọ ọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1999 ló kú, ní ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́rin. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Oníṣẹ́ Ọnà Orílẹ̀-èdè, oyè tí wọ́n kọ́kọ́ fi Amorsolo jẹ lọ́dún 1972.

Ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Èkó àti Ìlọrin fún ọdún mọ́kànlá. Ọdún 2021 ni wọ́n kú lójú ọ̀nà. Èmi ni mo ṣe pósítà òkú wọn. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, mi ò sunkún, iṣẹ́ ni mo pè é. Láti ìgbà náà, mo ti gbìyànjú láti ya wọ́n nígbà méje. Ojú jọ ojú wọn, etí jọ etí wọn, àwọn gan-an ni mi ò rí níbẹ̀.

Mo lọ ṣí àpótí irinṣẹ́ wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Sípánà 17 ló wà lókè, èyí tí wọ́n ń lò jù. Gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà, àfi ibi tí àtàǹpàkò wọn máa ń gbé jókòó, ibẹ̀ ṣì ń dán. Orí jíà tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti parẹ́ tán, R nìkan ló kù. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo fi dízẹ̀lì rẹ àkísà. Mo gbé igi apá tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látọdún tó kọjá, mo fi sípánà náà lé e lórí. Ó dọ́gba pẹ̀lú ibi tí kókó wà.

Màmá wa wọlé láti pè mí wá jẹun. Wọ́n rí orí jíà náà, wọ́n mú un, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ti Àkànní nìyí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Wọ́n fa àpótí sún mọ́ ọ̀dọ̀ mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì mú àkísà kejì.