Dádì ò kú o, ó kàn yó ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún pè mí lórí fóònù láti bi mí pé "ara Dádì ńkọ́," mi ò ní gbé e mọ́. Ara Dádì, ọkọ mi, le. Ó jẹ àmàlà tiẹ̀, ó jẹ àmàlà tèmi mọ́ ọn, ó sì sùn. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ò sí ńbẹ̀ rárá ló ń sọ pé áńbúláǹsì ló gbé e, pé a pe pásítọ̀. A ò pe pásítọ̀ kankan. Ẹnì kan kàn ń gbàdúrà lé e lórí ni, nọ́ọ̀sì sì lòun náà.

Ìpàdé àwa tí a jọ kàwé nọ́ọ̀sì ni, ní Bódìjà, ẹ ṣáà mọ gbọ̀ngàn yẹn. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì tiwa nìkan o, látorí àwọn ẹ̀gbọ́n tó wọlé ní 1972 títí dórí àwọn ọmọdé 1985 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́jọdá wa, léèsì funfun, kó lè jọ yúnífọ́ọ̀mù. Sístà kan tiẹ̀ tún kọ́ aago àyà mọ́ léèsì tiẹ̀, aago yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a ṣì ní ọkọ kó ọkọ wa dání, a wá kó gbogbo wọn jọ sídìí tábìlì kan lẹ́yìn, torí irú ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ nídìí oúnjẹ, ọkùnrin ò lè gbọ́ ọ kó tún padà jẹ ẹran.

Bí a ṣe jókòó la ti ki ọ̀rọ̀ PTS, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níléèwé nọ́ọ̀sì, mọ́lẹ̀. Bí a ṣe fi ọsàn kọ́ abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ ká sún mọ́ ìdí èèyàn. Bí a ṣe ń se sírínjì onígíláàsì lórí iná. Tẹmómítà tó bá fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, wọ́n á yọ owó ẹ̀ nínú àláwọ́ǹsì ẹ, mẹ́kúrì á máa yí kiri ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, àwa náà á máa fi ìka lé e, ó ń dán, ó ń dùn ún wò, lónìí wọ́n wá ní májèlé ni. Ìka yẹn náà la fi ń mu gàrí! Ẹni tó bá ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbàgbé ibi tí mo fi gíláàsì ojú mi sí, ìdáhùn rèé.

Ohùn tèmi ló ròkè jù. Mò ń sọ fún àwọn ọmọ 1985 pé èmi kì í dúró de dókítà láyé ìgbà tiwa, pé láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo ti ń mọ aláìsàn tí nǹkan fẹ́ ṣe, ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Ni mo bá yíjú, mo rí Dádì.

Orí ti ṣubú sẹ́yìn. Ẹnu là. Ojú ṣí díẹ̀, funfun ẹ̀ nìkan ló hàn. Mo dìde lọ bá a, mo pè é, kò dáhùn. Mo pè é lórúkọ tí mi ò pè é rí níta, kò dáhùn. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó tutù nini. Mo wá pulse, ìyẹn ìlùkìkì ọkàn, lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, kò sí pulse.

Ẹ jẹ́ kí n to ìwà òmùgọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọkùnrin yìí, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń lajú sùn, ìyá ẹ̀ kìlọ̀ fún mi kí a tó ṣègbéyàwó, kí n má bẹ̀rù. Etí ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn, ó yọ ọ́ nígbà tí DJ bẹ̀rẹ̀ wàhálà ẹ̀, èmi gan-an ni mo bá a kó o sápò. Ọwọ́ tó tutù yẹn, ìgò malt tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú áìsì ló dì mú, ìgò náà ò sì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ o, mo ní láti gbà á kí n tó ráàyè di ọwọ́ ọ̀hún mú! Òkú di malt mú dáadáa, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀, mi ò sì bi ara mi léèrè. Pulse wá ńkọ́? Iyùn ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo wá ń fetí sí bóyá ó ń mí.

Mo figbe ta. "Ẹ gbà mí o, Dádì ti kólápùsì!"

Wọ́n ti kọ́ wa láti PTS pé nọ́ọ̀sì kì í sáré, àfi tí iná bá ń jó tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Iná ò jó, ẹ̀jẹ̀ ò dà. Nítorí náà, gbogbo ìyá àgbà tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn dìde, gèlè dúró ṣánṣán, orúnkún ń ké kọ́ọ́, wọ́n ń rin ìrìn kíákíá yẹn bọ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó sáré, kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn ọkọ tó kù rí i pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n dìde nílẹ̀, wọ́n sá jáde.

Ẹnì kan ní a ò lè ṣe é lórí àga, pé ibi tó le tó sì tẹ́jú la nílò. Wọ́n kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, wọ́n fa aṣọ tábìlì náà le, mẹ́rin nínú wa gbé Dádì sórí ẹ̀, báàgì ẹnì kan di ìrọ̀rí. Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ ṣì bójú mu. Àfi ìgbà tó ku kí ẹnì kan fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, 1972, ní kí wọ́n tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì. Màmá London, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ní rárá, ọgbọ̀n sí méjì ni, 2005 ni wọ́n ti yí i padà. Ẹ̀gbọ́n ní ta ló yí i padà? Ẹlòmíràn ní ọ̀nà èémí (airway, A) ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, kó tó kan mímí (breathing, B). Ọmọ 1985 kan ní ẹ má bínú mà, láti 2010 ni wọ́n ti ní àyà ni ká kọ́kọ́ tẹ̀. Háà. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe sí ara ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ! Níbo lo wà nígbà tí mo gba cap nọ́ọ̀sì? Ṣé wọ́n ti bí ẹ?" Wọ́n ti bí i, ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, àmọ́ ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó wá ń kúnlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ mi ń kú lọ lórí tábìlì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n mọ ẹni tí tiẹ̀ kéré jù, kó lè pàṣẹ. Mo ń sunkún, mo sì ń pe nọ́ńbà tèmi náà. Ká ní òótọ́ ni nǹkan ṣe Dádì, kí àwọn èèyàn yìí tó fẹnu kò, a bá ti jẹ sàráà ọjọ́ kẹjọ tán.

Sístà aláago àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan, mi ò mọ ohun tó ń kà. Ẹnì kan yọ tẹmómítà onímẹ́kúrì nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀ (nínú pọ́ọ̀sì òde!), ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ tì í bọ Dádì lẹ́nu, gbogbo wa jọ kígbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà pé abíyá, abíyá, ẹni tí ò mọ ara ẹ̀, abíyá ni! Ohun kan ṣoṣo tí a fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹlòmíràn ń kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ náà, torí ohun tí o ò bá kọ sílẹ̀, o ò ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni sístà kan tó ti pẹ́ ní kásúátì, ìyẹn wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, sún wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó di ìkúùkù, ó fi oríkèé ìka lọ eegun àyà ọkọ mi bí ẹni ń lọ ata.

Dádì dìde jókòó wùyà. "Malt mi dà?"

Àwọn kan bú sẹ́kún, àwọn kan dá orin. Èmi ni mo di malt ọ̀hún mú. Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn.

Àárín ariwo yìí ni Tútọ̀ wa àtijọ́, olùkọ́ wa níléèwé nọ́ọ̀sì, wọlé, màmá yẹn ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀pá lọ́wọ́, ọmọ ọmọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, gbogbo wa kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ní ká kó o sẹ́yìn o. Mọ́mì wo orí tábìlì. Kò wo Dádì. Aṣọ tábìlì ló ń wò. Ó fi ọ̀pá gbé etí ẹ̀ kan sókè.

"Ta ló ṣẹ́ igun yìí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Dígírì 45 tí mo ní kí igun aṣọ béèdì máa jẹ́ dà? Àti pé ta ló kọ ẹnu ìrọ̀rí sí ẹnu ọ̀nà?" Báàgì ló ń bá wí. Síìpù ẹ̀ kọjú síta lóòótọ́.

A tún un ṣe. Ó ní a ò gbọdọ̀ gbé aláìsàn kúrò lórí ẹ̀, torí a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ béèdì tí èèyàn wà lórí ẹ̀, àbí a ò kọ́ ọ? Màmá London yí Dádì sí ọ̀tún, èmi fa aṣọ, ẹ̀gbọ́n 1972 yí i sí òsì, ọmọ 1985 ṣẹ́ igun. Tẹmómítà wà lábíyá ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé láti ayé Ṣàgárì, ibi tó bá ní òun máa kọjú sí, ibẹ̀ náà ló ń kọjú sí, mi ò tíì rí i kó gbọ́ràn tó báyìí rí.

Wàhálà tó wà ńlẹ̀ báyìí, ti aṣọ tábìlì ni. Ẹ̀fọ́ ti ta sí i, ó tún ya níbi tí a ti ń fà á, oní-gbọ̀ngàn wá ní àfi ká san án. Akápò gbé e sórí WhatsApp, gbogbo àwọn tó ń pe nọ́ńbà ìwé àṣẹ lọ́jọ́ náà dákẹ́ lọ bí a ṣe ń wò wọ́n yìí. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n 1972 tó fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́, ó ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́, aláìsàn ló ń san owó béèdì.

Mo gbé e fún Dádì, ó fi ẹ̀rọ sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n sọ fún wọn pé òun ò lówó í san, wọn ò tíì dísíṣáàjì òun.