Òwú Ìsàlẹ̀ Ti Tán

Ọjọ́rú

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí n tó parí "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run", ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ ti wọlé sí mi lọ́kàn. Ọdún 3 ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì tún bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún 2. Ní báyìí, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀ọ́kán mi, ó sì ti gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń rán aṣọ Ojúde Ọba fún lọ́dọọdún. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo bá a jà, mo rojọ́, mo sì jàre. Nígbà tí mo fi máa la ojú, ilẹ̀ ti mọ́, n kò tíì bá Ọlọ́run sọ ohunkóhun.

Ó ti tó oṣù kan tó ti ń rí báyìí. Mo sì ní òwe tí mo fi ń gbe ara mi lẹ́yìn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kò sí oníbàárà tí n kò tíì pa á fún.

Ní ṣọ́ọ̀bù, apá bùbá kan ni mo ń rán, léèsì olówó gọbọi. Mo ń tẹ maṣíìnì, mo ń bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ nínú. Mo rán an láti abíyá dé ọrùn ọwọ́, mo yí i padà, mo fà á díẹ̀. Òwú òkè bọ́ gbooro sí mi lọ́wọ́. Òwú ìsàlẹ̀ tó ń di ti òkè mú ti tán látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀! Abẹ́rẹ́ kàn ń lu ihò wẹ́wẹ́ sára léèsì náà ni, kò so nǹkan kan pọ̀. Mo gbé aṣọ lé itan, mo sunkún.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí a máa mú gbogbo èrò ní ìgbèkùn wá fún Kristi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń dè é. Kí aago méjìlá tó lù lónìí, ìgbà 17 ló tú mọ́ mi lọ́wọ́, mo kà á. Bí mo bá ní n kò ní rò ó, ńṣe ló ń gbilẹ̀. Mo wá ń dárúkọ ẹnì kan tó ṣe mí lóore nígbàkigbà tí èrò náà bá dé, àti ohun tí ẹni náà ṣe gan-an. "Olúwa, o ṣé fún ohun gbogbo" kò tó mi mọ́. Ọpẹ́ yẹn fẹ̀ jù, ọkàn mi ń gba inú rẹ̀ sá lọ.

Bí mo ṣe ń dárúkọ wọn lọ, mo kan ìyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnì l'Ókè-Ajé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwìn ló ń tà fún mi, kò kọ ọ́ sínú ìwé rí. Mo san gbogbo owó rẹ̀. Àmọ́ látìgbà tó ti fi ọjà sílẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún 4 rèé, n kò yọjú sí i. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí maṣíìnì. Èmi gan-an ni òwe mi ń bá wí.

Ọpẹ́ náà ni wọ́n fi dá Ojúde Ọba sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ lọ sójúde Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ pé ọba fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Wọ́n dìde lọ bá a ni. Adẹ́tẹ̀ kan ṣoṣo tó dúpẹ́ nínú mẹ́wàá tí Jésù wò sàn náà, ó padà lọ bá a ni.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjì, mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì, mo wọ mọ́tò, a gba Òrù kọjá. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi. Ó fa ọwọ́ bùbá mi mọ́ra, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí aṣọ.

"Ìyá Ìbejì, òwú tèmi kọ́ nìyí. Tèmi yi jù báyìí lọ."

Mo dúpẹ́ oore ọjọ́ kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun ò rántí ìdajì rẹ̀ mọ́. Ó wá béèrè pé, "Ọmọbìnrin tó o máa ń rán wá ra bọ́tìnì ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun kó tó jáde.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwọ lo kọ́ ọ."

Mo ṣe àmín.

Bí mọ́tò ṣe tún dé Òrù nígbà tí mò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà tún dé. Mo dárúkọ Màmá. Ó tún dé, mo tún dè é.