Ẹ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó mu àgbo

Ara mi kò tíì le tán tí mo fi ń kọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé igo àgbo wà nínú fíríìjì púpọ̀ nínú ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi báyìí. Nígbà tí àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ mú mi, tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tí mo ń sáré lọ sílé ìtọ̀ láìrí ju ẹ̀kán díẹ̀ tọ̀ lọ, ìyá ọkọ mi gbé egbò tí wọ́n rẹ sínú omikan wá. Ìrora náà dẹwọ́ lóòótọ́, gbogbo wa sì gbà pé ó ti tán. Àṣé kòkòrò ń gòkè lọ bá kíndìnrín ni. Lóru ọjọ́ kan, òtútù mú mi títí eyín mi fi ń gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ara mi ń jó bí iná; ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún kò ṣeé fọwọ́ kàn, mo ń bì, ọkọ mi ń nulẹ̀, ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ apakòkòrò, ó sì rọlẹ̀.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni kó ṣáájú. E. coli, kòkòrò inú ìfun, ló sábà máa ń fa àrùn yìí, ilé àyẹ̀wò sì lè fi bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta mọ oògùn tó ràn án. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń kẹ́gàn ewé. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Ẹ̀rí ni mo ń bèèrè. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ obìnrin tó lo uva ursi, ewé òyìnbó kan tí wọ́n ń lò fún àrùn ìtọ̀, kò nílò oògùn apakòkòrò mọ́, ṣùgbọ́n ìrora wọn pọ̀ ju ti àwọn tó lo oògùn lọ, àrùn náà sì dé kíndìnrín àwọn díẹ̀ nínú wọn. Àkójọ ìwádìí ti 2023 láti ọwọ́ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, fi hàn pé cranberry, èso pupa kéékèèké kan láti òkè òkun, ń dín pípadà àrùn yìí kù fún obìnrin tó máa ń ṣe lemọ́lemọ́. Kì í ṣe pé ó ń wo èyí tó ti wọlé. Kódà omi lásán ní ẹ̀rí: lọ́dún 2018, láàárín obìnrin 140 tí kì í mumi tó, àwọn tó fi lítà 1.5 kún un lójoojúmọ́ rí i pé àrùn náà dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ wo ara igo àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC: wọ́n máa ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Bí ibà tàbí ẹ̀yìn ríro bá ti kún ìtọ̀ títa náà, tàbí bí ẹ bá lóyún, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ gbe ti àárín sínú ike tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.