Ẹ Má Ṣe Sọ Pé A Kò Sọ fún Yín

Èmi ni mo kọ ìkéde náà. Èmi ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń tẹ̀wé, èmi náà ni mo gbé sítáàṣì káàkiri tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná, mọ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, mọ́ ara búkà Ìyá Alákàrà, títí kan igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lẹ́yìn Àpáta, kéèyàn tó dé Omi-Àdìó, n'Ìbàdàn níbí. Ọdún kẹfà mi rèé nípò náà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù, kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ṣe é ni.

Ojú irin tí mò ń wí yìí, ti àtijọ́ ni, èyí tí àwọn òyìnbó tẹ́ láti Èkó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Kì í ṣe tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tó ń gba Omi-Àdìó lọ sí Mọ́níyà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ àdúgbò wa, orí ti àtijọ́ yìí ló gbà kọjá. Ọ̀dà tó wà láàárín irin méjèèjì ti jẹ tán, ibẹ̀ ti di kòtò, kò sí ọkọ̀ tó máa kọjá tí ikùn rẹ̀ ò ní họlẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe, ijó la jó. Nígbà tí wọ́n ní àwọn máa ti ọ̀nà pa láti Fúráìdè di Mọ́ńdè, ijó dá.

Ìkéde mi ò gùn:

"Láti aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì títí di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ kankan kò ní lè gba orí ojú irin kọjá. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa lo ọkọ̀, kó yáa gbé e sí òdìkejì kílẹ̀ tó ṣú. Ẹlẹ́sẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ má ṣe sọ pé a kò sọ fún yín."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ò ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo fi í sí i fúnra mi. Báírò pupa ni mo fi fàlà sí i nídìí, ìlà méjì méjì, lára ogójì ìwé.

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mo tún ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ Ìyá Alákàrà, Bàbá Ìbejì, tó ń wa bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ẹ ti rí ìwé?" Ó ní òun ti rí i. Mo ní kó kà á sí mi létí. Àgbàlagbà tó bí ọmọ mẹ́fà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tó ń ka ìwé sí mi létí bí ọmọ iléèwé. Mo mọ̀ pé ó burú. Ipò ló ń gun èèyàn.

Sátidé yẹn gan-an sì ni ìdána àbúrò mi ọkùnrin, ní Òkè-Àdó. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ni ẹrù ìdána wà. Lọ́sàn-án Fúráìdè mo ra iṣu méjìlélógójì lọ́jà Bódìjà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹni tó tà á. Mo ra ewúrẹ́ kan lọ́nà. Orógbó, obì, ataare, oyin, iyọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo, gbogbo ìyẹn wà nílé. Ètò mi ni pé kí n wọlé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí n kó ìyókù sínú ọkọ̀, kí èmi àtìyàwó mi jáde kó tó di aago méje ààbọ̀, ká lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Challenge. Ogún ìṣẹ́jú péré ni gbogbo ẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Ọ̀rọ̀ tó bà mí jẹ́ nìyẹn. Àmàlà ni, ó dúdú, ó ń dán, gbẹ̀gìrì àti ewédú di ara wọn mú lórí ẹ̀, ṣàkì yọrí láàárín wọn bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ni wọ́n ti múná dé. Láti ọjọ́ kẹrin ni fáànù wa ò ti yí. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn ti àga, kí oúnjẹ ó wálẹ̀ díẹ̀.

Ariwo katakata ló jí mi. Mo wo aago: mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ìyàwó mi: ó ti sùn sórí àga kejì, agolo oyin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo sáré jáde tèmi ti ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ojú irin, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, iná mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Wọ́n ti họ gbogbo ọ̀dà kúrò, wọ́n ti tú irin, wọ́n ti wú àwọn pákó tí irin sùn lé jáde, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Mo fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, ó rún wómúwómú bí àkàrà àná. Níbi tí mo ti máa ń wakọ̀ kọjá, kòtò tó mù mí dé orókún ló wà níbẹ̀.

Ọmọ kékeré kan ni ẹnjiníà wọn, ẹ̀wù yẹ́lò tó ń kọ mànà ló wọ̀.

Mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi tẹ́ pákó méjì kí n rọra gbà á kọjá."

Ó ní, "Bàbá, orí kí ni kí n tẹ́ ẹ lé?"

Kò bínú o. Ó fi sùúrù tàn mí lóye, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ábídí. Ó ní àwọn máa da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, àwọn máa kì í títí kò fi ní mì mọ́, àwọn á wá to ìdábùú kọnkéré tuntun sórí rẹ̀ dípò pákó, kí àwọn tó dá irin padà. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀n kan hàn mí. Ó ní láti inú irin kan dé inú ìkejì, mílímítà 1,067 ni, pé tó bá fi lè fẹ̀ jù bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin á já bọ́ sáàárín. Mo ń mi orí. Nínú ọkàn mi, mò ń ronú bóyá ewúrẹ́ lè wọ ọ̀kadà.

Ó wá ní, "Àbí ẹ ò rí ìwé ni?"

Ó rìn lọ sídìí igi máńgòrò, ó ṣí ìkéde kan kúrò lára ẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó dé ibi ìlà pupa, ó dúró. "Ẹ má ṣe sọ pé a kò sọ fún yín." Ó mi orí. "Ta ló tiẹ̀ kọ eléyìí? Ẹni yìí le o!"

Mo ní, "Akọ̀wé wa ni."

"Ẹ ò bá wa pè é? Bóyá ó máa mọ ọgbọ́n tá a lè dá sí tiyín."

"Kò sí nílé."

Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn.

Ní àárọ̀ kùtù, mo wá àwọn ọmọ bíríkìlà méjì, wọ́n kó iṣu sínú wílíbárò. A tò ní ìlà: èmi níwájú pẹ̀lú ewúrẹ́, agbádá léèsì funfun lọ́rùn mi; iṣu tẹ̀ lé mi; ìyàwó mi kẹ́yìn, gèlè rẹ̀ ti le kankan, ó gbé oyin mọ́ra bí ẹni gbọ́mọ ìkókó, ọmọkùnrin wa ru kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní à ń lọ ṣètùtù.

Ta ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ojú irin? Bàbá Ìbejì ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà. Mo rí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní òdìkejì lọ́hùn-ún. Ó tiẹ̀ ti fọ̀ ọ́.

"Akọ̀wé!" Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Ẹ ti rí ìwé?"

"Mo ti rí i, sà."

"Ẹ kà á sí mi létí."

Ìyá Alákàrà ò lè mú síbí rẹ̀ dání mọ́, ẹ̀rín ti gba ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ẹnjiníà àná ló wà ní ìdúró nídìí agbada, àkàrà gbígbóná méjì nínú bébà. Ó wò mí. Ó wo agbádá mi. Ó wo igi máńgòrò.

Ó ní, "Háà. Akọ̀wé ti dé láti àjò nìyẹn."

Ilẹ̀ ò lanu. Bó bá lanu ni, kòtò ti wà níbẹ̀ ná, ǹ bá kàn sọ̀ kalẹ̀.

Pákó tóóró kan ni wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀. Wílíbárò ò lè gbabẹ̀. Ewúrẹ́ lè gbabẹ̀, àmọ́ kò fẹ́. Mo fà á, ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ki í. Mo fi ewé máńgòrò tàn án, ó jẹ ewé náà tán, ó tún dúró síbẹ̀. Mo wá yíjú padà, mo fi okùn wé ọwọ́, mo ní kí n fi gbogbo agbára fà á. Àṣé ìgbà yẹn gan-an lòun náà pinnu pé ó tó àkókò. Ó gba abẹ́ agbádá mi kọjá fìrí, okùn yí mi po, mo ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ dé òdìkejì, mo sì fìdí jókòó sí ẹnu gáráwà ọ̀dà kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò gbóná. Àmọ́ nígbà tí mo dìde, apá iwájú agbádá mi ṣì jẹ́ léèsì, ẹ̀yìn ti di ẹtù.

Ojú àánú ni ẹnjiníà fi wò mí báyìí. Ó pàtẹ́wọ́, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ tò láti ìhín dé ọ̀hún kòtò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju iṣu sí ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń kà á bí orin. Oókan! Eéjì! Ẹ̀ẹ́ta! Àwọn ọmọdé àdúgbò ti pé, àwọn náà ń gbè é. Ó dé ogójì, ó dé ọ̀kànlélógójì. Ó tán.

A tún un kà. Ọ̀kànlélógójì. A wo inú wílíbárò, a wo abẹ́ bẹ́ńṣì. Ìyàwó mi wo ewúrẹ́. Onímicra tí mo háyà ń fun fèrè lọ́hùn-ún, ó ti sọ pé ewúrẹ́ náà máa san owó èèyàn kan. Kò sáyè mọ́. A bọ́ọ́lẹ̀ l'Àpáta, a ra ìkan tó kù nínú àtẹ obìnrin kan. Kò ga ju ìgúnpá ọmọdé lọ.

Kí n má fa ti ìdána gùn. Nínú iṣu méjìlélógójì, ìkan yẹn ni alága ìjókòó nawọ́ mú. Ó gbé e sókè fún gbogbo àwùjọ, ó ní, "Ará ilé ọkọ, a rí àwọn iṣu, a dúpẹ́. Èyí ńkọ́, ṣé ọmọ tí wọ́n bí sọ́nà ni?" Owó ni mo fi gba ara mi sílẹ̀. Ó tún ní kí n jó. Mo jó, mo kọjú sí àwọn àna ní gbogbo ìgbà, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn mi.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo padà dé ojú irin, bàtà lọ́wọ́, agbádá nínú ọ̀rá. Ìdábùú kọnkéré tuntun ti tò gbọnrangandan, wọ́n ti gbé irin lé e lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó yí iná kékeré kan ká. Òórùn kan ń bọ̀ láti ibẹ̀ tó mú ẹsẹ̀ mi dúró. Iṣu sísun ni. Ńlá ni, iṣu Bódìjà ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò.

Ẹnjiníà na ìkan sí mi, ó ti fi epo pa á lójú. Ó ní, "Inú òkúta wẹ́wẹ́ la ti bá a lọ́sàn-án. A fẹ́ dá a padà fún akọ̀wé."

Mo jókòó lé ọ̀kan nínú àwọn pákó àtijọ́ yẹn, mo gba iṣu.

Ó ní, "Wọ́n ní kò sí nílé."