Ta ló máa sọ fún màmá ẹ̀?

Mo mú àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n lọ wo eré ní June 12 Cultural Centre, ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, lónìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ló ṣe The Lion King, kàtúùnù kìnnìún tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èrò pọ̀. Gúgúrú ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó ṣí aṣọ ìtàgé.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn wa. Bàbá kìnnìún ti já bọ́ sáàárín agbo ẹran tó ń sáré, ọmọ rẹ̀ ń jí i, kò dáhùn. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọmọ yìí bá bi bàbá tirẹ̀, ketekete, pé, "Dádì, ta ló máa sọ fún màmá ẹ̀?"

Bàbá ẹ̀ ní, "Ṣe jẹ́ẹ́."

Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọkùnrin náà. Ọmọ tí ò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ! Gbogbo àwa àgbà ń wo òkú, òun ń ro ẹni tó wà nílé. Kí ló dé tí wọ́n á pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà nínú kẹ̀kẹ́ tí a ń bọ̀ wálé, mo ní, kí ni ìwọ ì bá dá a lóhùn? Bóyá bàbá náà ti jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn rí. Bóyá ìbéèrè yẹn ló bá òun náà níbi tó ti ń dùn ún.

Àdìrẹ ni Mọ́mì ń ká ní Ìtòkú lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ tí èmi náà lọ túfọ̀ fún wọn ni mò ń wí. Mo dúró níwájú ìsọ̀, mi ò tíì la ẹnu. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ká aṣọ ọwọ́ wọn dé ìparí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí ẹ̀ kó lè gún, wọ́n gbé e lé àwọn yòókù lórí, kí wọ́n tó jókòó. Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Bóyá mi ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan.

Ta ló máa sọ fún màmá ẹ̀... Nínú ìtàn yẹn, Scar ló lọ sọ fún un, àbúrò ọkọ ẹ̀. Ẹni tó pa á náà ló túfọ̀ ẹ̀. Láti 1994 ni kàtúùnù yẹn ti jáde, ibẹ̀ ò sì dùn mí rí bó ṣe dùn mí lónìí. Obìnrin náà gbọ́ ikú ọkọ, ó gbọ́ ikú ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́nu ọ̀tá, ọmọ ọ̀hún sì wà láàyè níbi kan. Ta ni ì bá já a nírọ́?

Eré náà dùn o, kí n má purọ́. Àwọn ọmọ yẹn ṣe gudugudu méje. Orí kìnnìún tí wọ́n gbẹ́, òkè iwájú orí ni wọ́n dè é mọ́, kò bo ojú wọn. Ẹ ó máa rí kìnnìún, ẹ ó máa rí ọmọ tó gbé e. Bí Julie Taymor ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tó gbé eré yìí dé Broadway, ní New York, ní 1997. Àwa tí a bá egúngún dàgbà, tí ojú ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ kì í hàn sí, ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ kéékèèké gbé koríko lérí, pápá ń jó! Ogunde, ọmọ Òṣóṣà níbí, tó ti ń gbé eré olórin sórí ìtàgé láti 1944, ì bá pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ibi tí omi ti bọ́ lójú mi ni ibi tí àwọn abo kìnnìún ti ń fa aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lójú ara wọn. Ẹkún wọn nìyẹn. Wọ́n ń fà á, ó ń gùn sí i. Ti ọmọbìnrin tó ṣe ìyá há lápá òsì. Ó fi ìka méjì tú u jẹ́jẹ́, ó tún ń fà á lọ, ojú ẹ̀ ò yẹ̀.

Mọ́mì ò sunkún ní Ìtòkú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé torí àwọn oníbàárà ni. Lónìí mo ń rò pé bóyá torí mi ni, kí ọmọ tó gbé ọ̀rọ̀ wá má baà tún gbé ẹkún. Tàbí kó má rí bẹ́ẹ̀...

Wọ́n á tún ṣe eré náà ní Sátidé tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ kí Grandma bá wa lọ. Wọ́n á gbádùn orin, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn dájú. Ti aṣọ funfun ńkọ́? Màá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn ṣáájú, títí kan ibẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn sọ bóyá wọ́n á lọ. Màá pè wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ọjà.