Àyẹ̀wò ọdún: iná pupa àti ihò 96

Ọyẹ́ ti dé sí Ifẹ̀, ètè ti ń bẹ́, mo sì ṣí ìwé iṣẹ́ mi láti oṣù kìn-ín-ní. Gbogbo ọdún ni mo fi wá bí a ó ṣe fi oògùn àti ìmọ́lẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, pẹ̀lú iná tí owó wa ká.

ALA ni oògùn tí mò ń lò. Òun fúnra rẹ̀ kì í pa nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e mì, tó ń sọ ọ́ di porphyrin, mọ̀lẹ́bí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, jẹjẹrẹ a sì máa kó o jọ ju ara tó dá ṣáṣá lọ. Tí a bá tan iná pupa sí i, tí ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó bíi nánómítà 635, porphyrin á gba agbára iná, á gbé e fún ọ́síjìn tó wà nítòsí, ọ́síjìn á di oró lójú ẹsẹ̀. Oògùn, iná, ọ́síjìn: ààrò mẹ́ta ni wọ́n. Yọ ọ̀kan, ọbẹ̀ dànù.

Ọdún 1900 ni Oscar Raab, ní Munich, ti kọ ọ́ jáde pé àwọ̀ acridine ń pa ẹ̀dá tíntìntín inú omi bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, torí akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà.

Oṣù mẹ́ta ni ṣíṣe àtùpà iná pupa náà gbà mí. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Lágéré ló bá mi wá fáànù inú kọ̀ǹpútà àlòkù, tí wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń jó òjé mọ́ LED, gílóòbù kéékèèké inú àtùpà náà. Fáànù yẹn ṣe pàtàkì: bí iná bá gbóná, ta ni yóò mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló pa sẹ́ẹ̀lì àbí ooru?

Ní oṣù kẹjọ, iná lọ fún òru mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì mi kú. Mo sunkún. Ọ̀gá mi ní ká tún bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni ojú wá là. Àwo ike kan, oníhò 96, sẹ́ẹ̀lì wà nínú àwọn ihò náà. A da àwọ̀ ìyeyè kan sínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè á sọ ọ́ di elésè àlùkò. Ihò tó rí oògùn láìrí iná, elésè àlùkò. Èyí tó rí iná láìrí oògùn, elésè àlùkò. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, ìyeyè ló dúró sí. Mo pariwo pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní yàrá kejì: "Ẹ wá wò ó!" Inú àwo ni o, kì í ṣe ara èèyàn. Ṣùgbọ́n ní Aligarh, ní Íńdíà, wọ́n ti fi irú iná LED oníbátìrì bẹ́ẹ̀ tọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu tí kò tíì tóbi.

Ẹ̀gbọ́n màámi ní Iléṣà pè mí ní oṣù kẹfà: "Ọmọ mi, ṣé iná rẹ yẹn ò lè wo kókó ọmú yìí?" Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń fi àgbo wò ó. Ó dùn mí láti sọ pé rárá: ìmọ́lẹ̀ pupa kì í wọ ẹran ara ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Awọ ara ló wà fún, ẹnu, àti ibi tí okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, bí ọ̀nà ọ̀fun, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Photofrin, oògùn mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ ń jí, fún ní 1995. Ọjọ́ kejì ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣì ń gba oògùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n màámi ní kí n gbé àtùpà náà wá kí àwọn rí i. Mo tàn án ní pálọ̀, mo ní kí wọ́n má wo ojú iná. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ sí i, ìka wọn pọ́n fòò láti inú wá. Wọ́n ń yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó la ìka kọjá," ni wọ́n wí. "Tún un ṣe kó lè wọlé jìnnà sí i."