Ìsọfúnni Tó Dé Lẹ́yìn Tí Àìsàn Ti Wọlé

"Ṣé ẹ kì í yẹ áàpù wò ni? Ojúṣe òbí ni láti máa kà á."

Ohun tí obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé ọmọ mi sọ fún mi nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lójú àwọn òbí tó tò sẹ́yìn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi pè mí nígbà tí Kòrónà wọ kíláàsì ọmọ mi ní January 2022? Kò dáhùn rẹ̀. Ó nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí wọ́n kọ orúkọ áàpù náà sí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wà ní Houston níbí, mo sì ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń sọ pé àwa tí a wà lókè òkun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú January, wọ́n rí i pé ẹnì kan nínú kíláàsì náà ní àrùn yìí. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwa òbí tó gbọ́. Wọn ò pè wá, wọn ò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Inú ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé sórí áàpù ni wọ́n fi í há, lábẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ya fọ́tò àwọn ọmọ, lábẹ́ ìkìlọ̀ pé kí òbí má páàkì sí ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Gbólóhùn méjì ni: ẹnì kan ní kíláàsì ọmọ yín ní Kòrónà, ẹ máa kíyè sí ọmọ yín. Mi ò ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1974 tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ pàápàá. Obìnrin ará Ìjerò kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi oúnjẹ àwọn ọmọ ló sọ fún mi ní ọjọ́ Àìkú pé láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti wá fín kíláàsì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ bí January yẹn ṣe rí. Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lórúkọ ní 26 November 2021 kò tíì pé oṣù méjì tó fi wọ ilé gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ní 3 January 2022, àwọn tí wọ́n kà mọ́ aláìsàn ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọn ò kà nígbà ìsinmi ọdún wà nínú rẹ̀. Ní 27 December 2021, CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti dín ọjọ́ ìyàsọ́tọ̀ kù láti 10 sí 5. Ilé ìwé wa kọ lẹ́tà kan tó ní 10, wọ́n kọ òmíràn tó ní 5, ẹ̀kẹta ní kí a tẹ̀lé ìlànà tó wà nílẹ̀. Èwo nínú rẹ̀? Ní ti ìbomú, gómìnà Texas ti pàṣẹ láti 2021 pé ilé ìwé kankan ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan. Àwọn àgbègbè kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Tiwa dákẹ́, àwọn ọmọ sì ń wo ojú ara wọn láti mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́.

Àwọn aláṣẹ máa sọ pé àwọn tẹ̀lé ìlànà. Lóòótọ́, ìlànà tí àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas tún ṣe ní August 2021 sọ pé bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan ní in, kí ilé ìwé sọ fún ìdílé gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì kan náà. Wọ́n sọ. Lórí àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n ti sọ fún mi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n pè. Bí ọmọ mi kò bá sí ní kíláàsì ní àárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, fóònù mi á dún, ẹ̀rọ á sọ fún mi pé wọn ò rí ọmọ mi. Bí ó bá pẹ́ kó tó dá ìwé tó yá ní láíbírì padà, ẹ̀rọ á tún pè. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ níbí pé kí ló dé tí ìpè nítorí ọmọ tí kò wá sí ilé ìwé fi máa ń yá bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé iye ọmọ tó bá wà ní ìjókòó lójoojúmọ́ ni Texas fi ń ṣírò owó tó ń fún ilé ìwé. Ọmọ tí kò wá, owó ló ń gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí ìpè náà kì í fi í pẹ́. Ẹ̀rọ kan náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà mi kan náà ló wà nínú rẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́, Kòrónà ò sì mú un. Ẹnì kan ló yẹ kó pàṣẹ pé kí ó pè nítorí ìlera bó ṣe ń pè nítorí owó.

Mi ò bínú sí olùkọ́ ọmọ mi. Ọmọbìnrin yẹn ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣàìsàn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ò tó, olùkọ́ adelé ò sí. Àgbègbè kan ní Texas yìí kọ̀wé bẹ àwọn òbí kí wọ́n wá dúró ní kíláàsì. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, nítorí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkéré. Ní 18 March 2020 tí wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn yìí ní Ekìtì, tí ìjọba sì ti ilé ìwé pa lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ò ní áàpù kankan. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà àwọn òbí wà nínú rẹ̀. Wọ́n pe gbogbo wọn. Àwọn tí wọn ò ní fóònù, wọ́n bá wọn nídìí ìsọ̀ wọn lọ́jà, wọ́n dúró ní òdìkejì tábìlì, wọ́n sọ fún wọn. Nígbà tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fúnra rẹ̀ ní in ní July 2020, òun ló jáde sọ fún ará ìlú pé òun ti ya ara òun sọ́tọ̀.

Mi ò sọ pé ilé dára ju ibí lọ. Ní kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ pọ̀ ju bẹ́ńṣì lọ, ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé sórí rédíò nígbà yẹn kò sì dé etí ọmọ tí wọn ò ní bátìrì nílé. Bí Kòrónà bá wọ inú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí àyẹ̀wò ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni níbí, aago mẹ́rin ìdájí ni lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé olùkọ́ rẹ̀ ò mọ ilé yín ni?" Wọ́n ò fi ṣe àwàdà. Lójú tiwọn, olùkọ́ tí kò mọ ilé ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ṣàlàyé pé olùkọ́ ibí kò láṣẹ láti pe òbí nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn, pé láti ọ́fíìsì òkè ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

Àwa tí wọ́n tọ́ ní Ekìtì, ẹ mọ ojú tí a fi ń wo ilé ìwé. Owó kòkó ni bàbá wa fi rán gbogbo wa, ọdún tí kòkó ò sì dára, ilẹ̀ ni wọ́n tà. Irú wa ò lè mú ọmọ jókòó sílé nítorí pé ó sín. Àfi kí ẹnì kan sọ fún wa.

Ẹni tó ń sọ fún wa náà ni àwa fúnra wa. A ní gúrúùpù WhatsApp kan níbí, àwa obìnrin Ekìtì. Nítorí iṣu la ṣe dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ ṣọ́ọ̀bù tí iṣu tó ṣeé gún ti dé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ará Adó àti àwọn ará Ìkéré ti máa ń jà lórí ẹni tí iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo máa ń kà á lásìkò ìsinmi iṣẹ́ lóru kí àárò ilé má bàa pa mí lẹ́kún. Nígbà tó di January, iṣu parẹ́ níbẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n tì, bọ́ọ̀sì tí kò ní wá, ibi tí ohun èlò àyẹ̀wò kù sí, àárín ara wa la ti ń gbọ́ ọ kí ilé ìwé tó kọ lẹ́tà kankan.

Màmá wa wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wá láti Ìkéré láti bá mi tọ́jú ọmọ nítorí iṣẹ́ òru tí mò ń ṣe. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn. Yàrá kan náà ni àwọn àti ọmọ mi ń sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ wúkọ́ díẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn, a sì rò pé òtútù ni, nítorí ọjọ́ tútù lóòótọ́. Màmá fi òrí pa á láyà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn lábẹ́ aṣọ kan náà lóru, bí wọ́n ṣe ṣe fún àwa náà. Alẹ́ Àbámẹ́ta ni gbólóhùn méjì yẹn dé. Kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, Màmá ò lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó mí.

Wọn ò jẹ́ kí n wọ ilé ìwòsàn bá wọn ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí Ọlọ́run máa bù kún ló ń gbé fóònù sí ojú wọn kí n lè rí wọn. Ilé ìwòsàn wá ògbufọ̀ Yorùbá lórí fóònù, Yorùbá tó dùn gan-an, irú èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Ṣùgbọ́n Màmá, bí ara bá ń ni wọ́n, Ekìtì nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn. Ògbufọ̀ náà ń tọrọ àforíjì, ó ń ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà tó yá, Màmá kàn ń mi orí sí gbogbo ìbéèrè. Mo dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi ń ké lórí fóònù kejì láti Ìkéré, wọ́n ń bi mí pé ṣé wọ́n ti bo Màmá láṣọ, torí òtútù kì í pẹ́ mú wọn.

Wọ́n padà sílé. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti máa lo ọ́síjìn báyìí, ẹ̀rọ náà ń dún tọ̀sán tòru nínú yàrá, dókítà ò sì tíì gbà kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí wọ́n á lọ sílé.

Mi ò sọ pé ilé ìwé ló kó àrùn ràn wọ́n. Ibi gbogbo ni àrùn náà wà lóṣù yẹn, ó sì wà níbi iṣẹ́ tèmi náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ìpè kan bá dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Màmá á ti wá sùn sí yàrá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ á ti wọ ìbomú nínú ilé. Èmi á ti wá àyẹ̀wò lọ. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi, kí ó má ní kí n lọ wo áàpù.

Ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé ìwé àgbègbè wa á ṣe ìpàdé ìta gbangba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí òbí sì wà nínú ètò. Òfin Texas ti 2019 fi dandan lé e pé kí wọ́n gbọ́ ẹnu ará ìlú lórí ohun tó bá wà nínú ètò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá nílò ògbufọ̀ á gba ìlọ́po méjì àkókò náà. Àwa obìnrin gúrúùpù ti pín ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wa. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ̀rọ pe òbí ní ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, kí ó sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti iye ọjọ́ tí ọmọ máa fi jókòó sílé. Wọ́n ń kọ lẹ́tà ní èdè Sípéènì fún àwọn tó ń sọ ọ́. Àwa ti ṣetán láti ka tiwa sínú ẹ̀rọ ní Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, fún àwọn ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ọmọ ní ọ̀sán tí wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì yẹn fún Màmá, wọ́n ní àwọn máa lọ, ọ́síjìn ṣeé gbé dání. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ láti Ìkéré. Ekìtì ni Màmá máa sọ, èmi ni màá túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé ìwé àgbègbè wa, wọn kì í gba orúkọ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ lónìí.